Súìtì Tí Mo Fi Rọ́pò Oògùn Ìyàwó Ọmọ Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, pé kí n lọ sinmi, gbogbo wa la sì mọ irú ìsinmi tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti wú bí ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi ṣì pé, ẹnu mi ṣì mú bó ṣe máa ń mú, mo sì fẹ́ fi ìyókù agbára rẹ̀ sọ òótọ́ kan tí mo ti gbé pamọ́ sínú láti ìgbà tí Pẹ̀lẹ́, ọmọ ọmọ mi, ti wà ní ìkókó. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní ìyá rere. Wọ́n ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ ọmọ tí kò lè mí dáadáa, tí ìyá rẹ̀ ba ayé rẹ̀ jẹ́ kó tó bí i. Àní bí mo bá ń kọjá, àwọn ìyá máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọbìnrin wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ gba oyè yẹn kúrò lórí mi kí ẹ tó sin mí. Èmi ni mo gba oògùn ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ ọmọ yẹn nígbà tó ṣì wà nínú oyún, èmi náà ni mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá rẹ̀.

Iṣẹ́ súìtì ni mo ṣe láyé mi. Ìyá Onísúìtì ni wọ́n ń pè mí. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń ṣe é. Mo máa ń lọ ṣúgà títí á fi kúnná bí àtíkè, màá pò ó mọ́ sítáàṣì díẹ̀ àti òróró míńtì, màá sá a títí á fi gbẹ dáadáa, màá wá dà á sínú ẹ̀rọ onírin kan tó ní ọwọ́ gígùn. Bí mo bá ti fa ọwọ́ yẹn wálẹ̀, kà, súìtì funfun róbótó kan á já bọ́ sínú abọ́. Àwọn kan wà tí mo máa ń fi ìyẹ̀fun kíkan sí dípò míńtì. Ìyẹn làwọn ọmọdé fẹ́ràn jù, wọ́n á máa lá a, wọ́n á máa fún ojú pọ̀. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dójú àmì. Mi ò sọ èyí láti fi yangàn o, ẹ máa rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Sìgá ló pa ọkọ mi. Èmi ni mo ń gbé abọ́ tó ń tutọ́ sí, èmi ni mo ń gbé e jókòó nígbà tí kò lè dùbúlẹ̀ mọ́ nítorí àìrí èémí mí. Láti ìgbà tí mo ti sin ín ni mo ti kórìíra sìgá débi pé bí ẹnìkan bá mu ún kọjá níwájú ilé wa, omi ni mo máa ń dà tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá Onísúìtì tún ti bẹ̀rẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi òkú bo ara mi láṣírí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni sìgá pa ọkọ wọn, wọn ò ṣe ohun tí èmi ṣe.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọkùnrin, ó ń wa tírélà. Bó bá lọ ìrìn àjò, ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó mú ìyàwó wálé, inú mi dùn dénú. Ilé ìfọṣọ kan ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ló ń lọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹ̀rín kì í jìnnà sẹ́nu rẹ̀, kì í sì í jáde láàárọ̀ kó má yà wá kí mi nínú yàrá súìtì. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo ń bá a ká aṣọ lórí okùn, tí mo gbọ́ òórùn kan lára síkáàfù rẹ̀. Òórùn tí mo sin pẹ̀lú ọkọ mi. Mo ní, "Ìyàwó mi, ta ló ń mu sìgá níbi iṣẹ́ yín?" Ó wò mí lójú. "Èmi ni, Màámi. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mò ń gbìyànjú láti fi í sílẹ̀."

Bí kò ṣe purọ́ yẹn gan-an ló bí mi nínú. Ká ní ó purọ́ ni, mi ò bá sọ pé onírọ́ ni, kó parí síbẹ̀. Mo pariwo, mo bú u, mo ní sìgá ti pa ọ̀kan nínú ilé yìí, ó tún wá fi pa ìyókù. Ọmọ mi dá sí i. "Màámi, òun náà mọ̀ pé kò dáa. Ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́." Èmi tí mo bí i! Ó ń gbè sẹ́yìn ẹni tó ń mu ohun tó pa bàbá rẹ̀. Mo dákẹ́, mo sì fi sínú. Ẹ̀yin ẹ ò mọ̀ mí, ohun tí mo bá pariwo lé lórí kì í pẹ́ lára mi. Èyí tí mo bá dákẹ́ lé lórí ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Oyún dé. Ká má parọ́ mọ́ ọn, obìnrin yẹn gbìyànjú. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń rìn yí àgbàlá ká bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Á wá bá mi, á ní, "Màámi, ẹ fún mi ní súìtì kan kí n fi tan ẹnu mi jẹ." Màá fún un. Nígbà mìíràn á lo ọjọ́ bíi mélòó kan láìfọwọ́ kan sìgá, tí inú rẹ̀ á sì máa dùn. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ á le, tàbí ọkọ rẹ̀ á pẹ́ lọ́nà, màá tún gbọ́ òórùn yẹn. Á sunkún. Èmi á sì máa fi ojú bíi ti adájọ́ wò ó.

Mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn àwọn aboyún. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn jẹ́ obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìyàwó mi jẹ́wọ́ fún un pé òun ń mu sìgá, pé òun ò tíì rí i jáwọ́. Nọ́ọ̀sì ò bú u. Ó ní, "Ohun tó dáa jù ni kí o fi í sílẹ̀ pátápátá, a ò sì ní yéé ràn ọ́ lọ́wọ́ títí o fi máa lè ṣe é. Àmọ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé, máa lo fítámì C yìí lójoojúmọ́. Kò pa oró sìgá o, má tan ara rẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá wọn lò ó nínú oyún ni ẹ̀dọ̀fóró wọn máa ń lágbára ju ti àwọn tí ìyá wọn ò lò ó."

Mo fò dìde. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ti fún un láṣẹ láti máa mu ún lọ nìyẹn! Kó máa mu sìgá lápá kan, kó máa jẹ fítámì lápá kejì!" Nọ́ọ̀sì wò mí tìkanratìkanra. "Màmá, ọmọ inú ò mu sìgá. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí òun náà jìyà?" Àwọn aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, "Màmá yìí mà le o!" Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná. Títí a fi délé mi ò bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀. Òun ló ń bẹ̀ mí. Nígbà tí a wọlé tán, ó yọ ìgò oògùn náà, ó fi sí mi lọ́wọ́. "Màámi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Orí mi ò dúró sójú kan, mo lè gbàgbé. Tó bá wà lọ́wọ́ yín, màá máa wá gbà á láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò ní gbàgbé láé." Mo ní kò burú. Èmi ló fi ọmọ rẹ̀ sí lọ́wọ́. Èmi, ẹ gbọ́ o.

Mo da oògùn náà sínú àtẹ́lẹwọ́ mi nínú yàrá súìtì. Ó funfun, ó rí róbótó, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Mo gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ súìtì mi tó kéré jù. Wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Mo wò wọ́n títí. Àwọn kan tó bá gbọ́ ìtàn yìí á ní èṣù ló tì mí. Ẹ má fi ti èṣù kún un, èṣù ò mọ ẹ̀rọ súìtì í lò. Èmi ni mo nu ẹ̀rọ náà, èmi ni mo po ṣúgà mọ́ ìyẹ̀fun kíkan títí adùn rẹ̀ fi jọ ti oògùn yẹn, èmi ni mo fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀. Mo da oògùn tòótọ́ sínú ọ̀rá, mo fi súìtì kún inú ìgò rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi wá, ó na ọwọ́, mo já ọ̀kan lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ife omi.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mò ń rò. Mo rò ó lónírúurú. Mo ní fítámì yẹn ni kò jẹ́ kó fi sìgá sílẹ̀, torí ó ti rò pé òun ti rí nǹkan fi dí i. Mo ní inú èéfín bàbá rẹ̀ ni mo bí ọmọ tèmi sí, kò sì sí ohun tó ṣe é, nítorí náà kò sí ohun tó máa ṣe ọmọ yìí náà. Ẹ wò ó bí irọ́ ṣe ń bá ara wọn jà lágbárí mi: sìgá burú tó láti fi dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi, kò sì burú tó láti nílò oògùn. Ṣùgbọ́n àwíjàre ni gbogbo ìyẹn. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi ni pé mo fẹ́ jàre. Mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹn rí i pé òun kọ́ ló mọ̀ ọ́n, kí ọmọ mi sì wá sọ pé, "Màámi, ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Torí kí n lè gbọ́ gbólóhùn yẹn ni.

Ìyẹn nìkan kọ́. Èmi kì í fi nǹkan ṣòfò. Oògùn tòótọ́ tí mo yọ, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ súìtì kíkan tí mò ń tà. Àwọn ọmọ àdúgbò ló jẹ ẹ́. Wọ́n ń lá a, wọ́n ń fún ojú pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní, "Ìyá Onísúìtì, tòní mà kan gan-an!" Ọmọ tó ni ín wà nínú ìyá rẹ̀ níbi tí kò ti lè sọ pé tòun ni.

Mo sì ní àǹfààní láti dáwọ́ dúró, mo ní in láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ kan ó gbé e sẹ́nu, ó ní, "Màámi, ti oṣù yìí mà dùn díẹ̀ o." Mo ní, "Ẹnu aboyún ni. Tó bá yá, omi gan-an á máa dùn lẹ́nu ẹ." Ó rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo fi ìyẹ̀fun kíkan kún tirẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó mú un lọ́wọ́, kò tíì gbé e mì, ó wo ikùn rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. "Gbà, tìẹ nìyí. Èmi ò tíì lè ṣe dáadáa sí ẹ bó ṣe yẹ, àmọ́ èyí, mi ò ní jẹ́ kó fò ẹ́ láé." Ó wá gbé súìtì mì. Mo dúró tì í, mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí irú ọkàn yẹn ṣe rí, mo ń gbé e kiri, èmi náà ò mọ̀.

Nígbà tí oyún fi wọ oṣù ìbí, sìgá tó ń mu ti dín kù gan-an. Nọ́ọ̀sì yìn ín. Ó sáré wá sọ fún mi, ó dì mọ́ mi. Mo ní, "O ṣeun." O ṣeun! Ẹnu ọ̀dàlẹ̀.

Ó bí obìnrin. Ọmọ náà rẹwà, ṣùgbọ́n bó bá ń mí, àyà rẹ̀ á máa dún fíì, fíì. Ọ̀fìnkìn lásán tí ọmọ ẹlòmíràn máa fi sín, tirẹ̀ á di ilé ìwòsàn. Egungun ìhà rẹ̀ á máa wọlé bó bá ń fa afẹ́fẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò máa sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, títí tó fi jẹ́ pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí a bá bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, á ní "Pẹ̀lẹ́." Ibẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, kò tíì lè jókòó nígbà náà.

Dókítà bi ìyàwó mi bó ṣe lo oògùn tí wọ́n fún un. Ó ní, "Lójoojúmọ́, sà. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo ti ń gbà á." Dókítà mi orí, ó ní kò burú, kì í ṣiṣẹ́ bákan náà fún gbogbo èèyàn. Mo ti mí kanlẹ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé ó ti tán. Àfi bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, tí ó gbé ọmọ sáyà, tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Màámi, oògùn yẹn, ẹ rántí pé mo ní ó dùn? Mi ò sọ fún yín nígbà yẹn, àwọn kan wà nínú ẹ̀ tó ń rùn bíi míńtì. Mo máa sọ fún nọ́ọ̀sì tí a bá padà lọ. Bóyá ayédèrú ni wọ́n kó fún wọn, kí wọ́n má lọ fún ẹlòmíràn."

Ẹ̀rù bà mí. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ tèmi, ẹ á mọ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè fọ ẹ̀rọ súìtì tó, òróró míńtì ò kúrò nínú ẹ̀. Mo ti gbàgbé ìyẹn. Nọ́ọ̀sì yẹn mọ iṣẹ́ mi, ó sì rántí ariwo tí mo pa níwájú rẹ̀. Kò ní ronú jìnnà. Ẹ sì wò ó: nígbà tí ọmọ rẹ̀ ò rí èémí mí, ọmọ ẹlòmíràn ni obìnrin tí mò ń pè ní èèyàn burúkú yẹn ń rò. Èmi, ara mi ni mò ń rò.

Oògùn tí wọ́n fún un kẹ́yìn ṣì wà nínú ọ̀rá, mi ò tíì lọ̀ ọ́. Mo kó ìyókù súìtì inú ìgò sẹ́nu, mo rún un jẹ. Nígbà tí ìyàwó mi ń rẹ ọmọ sùn, mo wọ yàrá wọn, mo ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, mo ti ọ̀rá oògùn yẹn bọ abẹ́ aṣọ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọmọ mi dé láti ìrìn àjò lọ́jọ́ kejì. Kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi pè é. Mo ti mú omi sójú kalẹ̀. "Ọmọ mi, mi ò bá má sọ fún ẹ, torí mi ò fẹ́ tú ilé ẹ ká. Mò ń wá aṣọ ọmọ ni ojú mi fi bá ohun tó wà nínú àpótí ìyàwó rẹ. Wá wò ó."

Ó fa ọ̀rá náà yọ. Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ mi ní, "Kí nìyí?" Obìnrin náà wò ó, kò tiẹ̀ kọ́kọ́ yé e. "Oògùn mi ni... Ta ló kó o síbẹ̀? Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Mo gbé gbogbo tèmi mì, Ọlọ́run gbọ́." Ó yíjú sí mi. Ó dá a lójú pé ibi ààbò ló yíjú sí. "Màámi, ẹ bá mi sọ fún un. Ojú yín ni mo ṣe máa ń gbé e mì!"

Gbogbo ohun tí mo ti ṣe ṣáájú, bóyá mo ṣì lè fi àìmọ̀kan bò ó. Gbólóhùn tó tẹ̀lé e yìí, mi ò rí aṣọ tí mo lè fi bò ó. Mo ní, "Ojú mi lo ṣe máa ń fi í sẹ́nu. Mi ò yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ wò."

Ọmọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò nà án, kò bú u. Ó kàn ní, "Sìgá ló wù ẹ́, ó dáa. Oògùn ọmọ ńkọ́? Kí ni ọmọ ṣe ẹ́?" Obìnrin náà ké, ó wó lulẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tèmi mú, kì í ṣe tọkọ rẹ̀. "Màámi, ẹ sọ̀rọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, Màámi!" Mo yọ ẹsẹ̀ mi. Ó lọ láì mú ọmọ dání. Ọmọ mi wá jókòó tì mí, ó gbé orí lé ọwọ́, ó sì sọ ọ́: "Màámi, ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Mo gbọ́ gbólóhùn tí mo torí ẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Ó korò lẹ́nu mi títí dòní.

Mo tọ́ Pẹ̀lẹ́, mo tọ́ ọ dáadáa. Mò ń gbé ìnhélà rẹ̀, oògùn àfàsẹ́nu tó fi ń rí èémí mí, kiri bí ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé. Mo pa súìtì tì, torí àtíkè ṣúgà ń mú un wúkọ́. Àwọn ọmọ á máa sáré lóde, òun á jókòó ti ẹnu ọ̀nà, á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìyá rẹ̀ máa ń wá dúró lódìkejì títì níwájú ilé ìwé rẹ̀. Mo máa ń lé e. Mo ní kó má wá fi èéfín ara rẹ̀ pa ọmọ náà tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó ti fi sìgá sílẹ̀ láti ọdún tí ó kúrò nílé wa, gbogbo ilé ìfọṣọ ló mọ̀. Nígbà tí Pẹ̀lẹ́ fi dàgbà tó láti béèrè, mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ tọ́jú oògùn rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n, ó ń tu ú dànù. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn ní, "Màmá àgbà, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí."

Ọmọ ọ̀hún ti di aya báyìí, ó ti lóyún. Kò mu sìgá rí, ọkọ rẹ̀ náà kì í mu ún. Wọ́n fún un ní oògùn aboyún níbi tó ń lọ, ó sì gbé e wá sẹ́bàá ibùsùn mi, níbi tí mo nà sí tí mò ń retí ikú. Ó ní, "Màmá àgbà, ọwọ́ yín ni mo fẹ́ máa ti gbà á láràárọ̀. Ọwọ́ yín nìkan ló dá mi lójú. Mi ò fẹ́ dà bí ìyá mi." Ó gbé e lé orí tábìlì, ó bá mi tún ìrọ̀rí tò, àyà rẹ̀ ń súfèé bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo na ọwọ́, mo fọwọ́ kan ọ̀rá oògùn yẹn, ọwọ́ mi kọ̀, kò dì í mú. Mo ní kó lọ pe bàbá rẹ̀. Mo ní kí bàbá rẹ̀ lọ wá ìyá rẹ̀ wá. Wọ́n rò pé iyè mi ti ń rá.

Ó wá. Irun rẹ̀ ti funfun. Pẹ̀lẹ́ yí ojú sí ògiri. Obìnrin tí mo lé bí ajá yẹn súnmọ́ ibùsùn, ó ní, "Màámi, ẹ kú àìlera o. Ara ńkọ́?" Mo ní kó jókòó. Mo sì sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀yin, mi ò yọ ohunkóhun kúrò. Ọmọ mi dìde kí n tó parí. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń gbá orí mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Màámi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀." Ó jáde lọ síta, kò sì tíì wọ yàrá yìí láti ọjọ́ náà.

Ìyàwó mi ò pariwo. Ó ní, "Mo rò pé ara mi ló burú ni. Gbogbo ọdún yìí. Mo ní oògùn tó ń ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó wọ inú èmi, ó kọ̀. Mo ní èmi ni Ọlọ́run ò fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ìgbà tí mo rí ọ̀rá yẹn nínú àpótí mi, mo tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá orí mi ti dàrú, bóyá mo kó o síbẹ̀ tí mi ò mọ̀." Ó tún wá bi mí ní ìbéèrè kan: "Màámi, ká ní mo lò ó ńkọ́? Ṣé àyà rẹ̀ ì bá yá?"

Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ni. Mi ò mọ̀, dókítà ò mọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ó lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, ó lè ràn án díẹ̀, ó lè má ràn án rárá. Mo jí ìdáhùn yẹn gbé, mi ò sì rí ibi tí mo ti lè mú un wá dá a padà fún ìyá tàbí ọmọ. Ó mi orí, bí ẹni pé ó ti mọ̀ pé ohun tí mo máa sọ nìyẹn.

Pẹ̀lẹ́ ti yíjú kúrò lára ògiri. Kò wò mí. Ó gbé oògùn rẹ̀ kúrò lórí tábìlì mi, ó rìn lọ bá ìyá rẹ̀, ó sì nà án sí i. "Ẹ... ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Ìyá rẹ̀ gbà á, ó wò ó, ó dá a padà sọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn. "Rárá, ọmọ mi. Ìwọ ni kó o máa tọ́jú ẹ̀ fúnra ẹ. Tìẹ ni." Lẹ́yìn náà ló wá sunkún. Àwọn méjèèjì sunkún, wọn ò sì di ara wọn mú, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa di ìyá ọkọ lọ́jọ́ kan, ẹ bínú sí ìyàwó ọmọ yín bó bá wù yín. Ẹ bú u, ẹ pariwo, ẹ lé e jáde nílé. Ṣùgbọ́n bó bá gbé nǹkan lé yín lọ́wọ́ fún ọmọ inú rẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan náà gan-an. Mi ò ní kí wọ́n dárí jì mí. Mo bẹ ìyàwó mi, ó ní, "Màámi, mi ò tíì lè ṣe é. Ẹ má fi dandan mú mi." Mo ní kò burú. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé bí mi ò bá tiẹ̀ rí ìdáríjì gbà títí màá fi kú, kí ọmọ yẹn má bímọ láìsí ìyá rẹ̀ ní tòsí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ìyá ló ṣáájú. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, kí èémí ọmọ rẹ̀ lè bá a. Mo gbọ́ wọn ní ọ̀nà ìta. Ó bi í pé, "Ṣé ká sinmi díẹ̀?" Pẹ̀lẹ́ sì dá a lóhùn, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì, "Rárá, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó dàárọ̀.